Àpáàdì Tó Lé Tímárétọ̀ Kúrò Nílùú

Ọdún mẹ́wàá pé lónìí. Láti àárọ̀ ni Tẹlẹ́síà amọ̀kòkò ti jókòó ti ìkòkò kan ṣoṣo, tó ń mọ ọ́n, tó ń wó o. Filínà ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ẹ̀rín pa á.

"Ọkọ mi, ṣé ìkòkò lẹ̀ ń mọ ni àbí ẹ̀ ń bá amọ̀ jà?"

"Fi mí sílẹ̀, jàre."

"Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ sí èbúté Píréù o. Gbogbo Áténì ló ń sọ ọ́ pé Tímárétọ̀ ti dé. Ẹ dìde, ẹ lọ kí i. Ẹ̀yin tí ẹ jẹun ọkùnrin yẹn tó bẹ́ẹ̀!"

Tẹlẹ́síà tún wó ìkòkò náà. Ohun tó ṣe sí Tímárétọ̀, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan Filínà.

Áà, ìgbà yẹn dùn! Tímárétọ̀ ni olórí ogun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń ṣẹ nílùú. Òun náà ló ń bọ́ ẹgbẹ́ akọrin tí yóò ṣeré níbi ọdún ìgbà ìrúwé. Ní gbogbo ìgbà òtútù, ọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún a máa pé sí àgbàlá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á kọrin, wọ́n á jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná àti ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ, wọ́n á fi wáìnì lé e. Ohùn Tẹlẹ́síà ló gbé e débẹ̀. Títí dòní, bó bá gbóòórùn ọ̀pọ̀tọ́, àgbàlá yẹn ló ń rí.

Eré náà dá lórí ọba kan tí kì í gbọ́ ìmọ̀ràn, tí àyànmọ́ wá wó ilé lé lórí. Níbi tó ti ṣubú, àwọn akọrin á ní:

"Igi tó ga ni ààrá ń wá,
ẹ káàánú rẹ̀, ẹ̀yin koríko."

Bí wọ́n bá ti débẹ̀ báyìí, Tímárétọ̀ á máa sunkún gbangba.

Bẹ́ẹ̀ òun náà kì í gbọ́ ìmọ̀ràn. Ní ìgbà ìkórè àjàrà tó ṣáájú ìgbà òtútù yẹn, àwọn àgbà atukọ̀ sọ fún un pé afẹ́fẹ́ fẹ́ yí. Ó ní afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ̀gá òun, ó sì kó ọkọ̀ jáde. Ìgbà mélòó ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀! Ṣùgbọ́n ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu. Ọkọ̀ mẹ́ta rì. Níkónì, àbúrò Tẹlẹ́síà, wà nínú ọ̀kan, wọn kò sì rí òkú rẹ̀ sin. Òkú tí a kò sin kì í sinmi nílẹ̀ wa, ẹni tó fi sáyé náà kì í sinmi.

Kí òtútù tó lọ, ìlú pe ìdìbò àpáàdì. Oníkálukú á ha orúkọ ẹni tó fẹ́ kó lọ sára àpáàdì, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù á fi Áténì sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Tẹlẹ́síà fọ́ abọ́ kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ ya ẹja sí, ó ha orúkọ Tímárétọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, abọ́ ọbẹ̀ méjì ló jẹ nílé ọkùnrin náà. Ẹnu jẹ, ojú kò tì.

Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Tímárétọ̀ lọ láìwo eré tó náwó lé, Níkónì kò sì torí ìyẹn jáde látinú òkun. Lọ́jọ́ eré, gbogbo ìlú tó lé e ló jókòó tí wọ́n ń sunkún nítorí ọba inú eré, òṣèré tó fi ìbòjú bojú. Nígbà tí orin dé "ẹ káàánú rẹ̀," ẹnu lásán ni Tẹlẹ́síà ń là. Láti ọjọ́ náà kò lè kọ ọ́ mọ́.

"Ẹ ǹlẹ́ nílé o!"

Tẹlẹ́síà gbójú sókè. Bàbá arúgbó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá tilẹ̀.

"Tẹlẹ́síà! O ti sanra o. Ta ló ń fún ọ lọ́bẹ̀ látìgbà tí mi ò ti sí nílé?"

Tẹlẹ́síà wólẹ̀, ó fi ọwọ́ tó kún fún amọ̀ di orúnkún arúgbó náà mú.

"Bàbá, mo kọ orúkọ yín."

"Ẹ̀yin kẹ̀?" ni Filínà ké.

Tímárétọ̀ ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ àpáàdì kan. Ẹja wà níwájú rẹ̀, orúkọ wà lẹ́yìn. "Wọ́n kó àpáàdì ìdìbò jọ pelemọ. Mo rí ẹja tó ń rẹ́rìn-ín yìí. Ta tún ni í yà á bẹ́ẹ̀? Mo mú un dání. Òun ni mo fi ń bu iyọ̀ láti ọdún mẹ́wàá."

"Ẹ ò bínú?"

"Mo bínú fún ọdún méjì gbáko. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bu iyọ̀, òkun ni mo ń rántí, mo sì ń rántí àbúrò rẹ." Ó jókòó sórí òkìtì amọ̀. "Mi ò gbọ́ orin yẹn lójú agbo. Kọ ọ́ fún mi."

Tẹlẹ́síà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé "ẹ káàánú rẹ̀," arúgbó náà gbọ́wọ́ sókè.

"Níkónì ni kí o kọ ọ́ fún. Ṣé ẹnikẹ́ni ti dárò rẹ̀ rí?"

Kò sẹ́ni tó dárò rẹ̀, nítorí wọn kò rí òkú. Filínà ló kọ́kọ́ dá a, torí obìnrin ló ń ṣíwájú ìdárò nílẹ̀ wa. "Ẹ káàánú Níkónì, ẹ̀yin koríko." Ohùn Tẹlẹ́síà jáde, ó gbó, ó sì há. Omijé ń ṣàn sí irùngbọ̀n Tímárétọ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti àtijọ́.

Nígbà tí orin parí, Tẹlẹ́síà nu imú rẹ̀. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó tún orin náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ Tímárétọ̀ ló sì fi rọ́pò ti Níkónì.