Ààlà Àwọn Kìnnìún Méjì

Kí Ọ̀gbẹ́ni André tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Àmírát ti sọ pé rárá.

Inú pálọ̀ ọkùnrin náà ní Bonapriso, àdúgbò àwọn olówó, ni wọ́n wà, òun àti Nùrúdíìnì, àbúrò rẹ̀ tó fi takisí gbé e wá. Igi gẹdú ni André ń tà sí òkè òkun. La crise, ọ̀dá owó tó ti sọ ọ̀pọ̀ ìdílé di ẹdun arinlẹ̀ ní Douala kò tíì mọ ọ̀nà ilé tirẹ̀. Orí ẹranko ló fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́: orí ẹfọ̀n, orí àgbọ̀nrín, orí ìmàdò. Ó nawọ́ sí àyè kan tó ṣófo láàárín wọn.

"Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbé kìnnìún onígọ̀gọ̀ dúdú yẹn kọ́ sí. Wọ́n ní ìwọ lo mọ ibi tó ń sùn. Mú mi débẹ̀, kí o sì padà wá gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì mi nílùú yìí. Iṣẹ́ gidi."

"Mo ti ní rárá, Ọ̀gá."

Nùrúdíìnì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Àmírát fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Ọmọ Alhaja Kàbírátù tó ń ta ike àti abọ́ ní ọjà tí wọ́n ń pè ní Dakar ní Douala ni Àmírát. Ìlú náà ni wọ́n bí i sí. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ ẹranko ti wọ̀ ọ́ lára, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń lọ ilé ọkọ, ìlú Garoua ni òun gbà lọ, ó lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹranko igbó. Ìjọba gbé e lọ sí igbó ọba kan lókè àríwá, ó kọjá ìlú Maroua, wọ́n ní kó máa ṣọ́ àwọn kìnnìún ibẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún kan ṣoṣo, tí èyí tó ṣẹ́ kù náà kò sì dé mọ́. Ìyẹn ló gbé e wálé.

Akọ méjì kan ló mọ̀ ju gbogbo kìnnìún igbó náà lọ. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó pe ọ̀kan ní Onígọ̀gọ̀ nítorí irun ọrùn rẹ̀ tó dú bí èédú, ó pe èkejì ní Etí-Yíya. Nígbà tí ó kọ́kọ́ rí wọn, eegun ìhà wọn ṣeé kà, wọn kò nílẹ̀, wọn kò lábo. Wọ́n ti lé wọn kúrò níbi tí wọ́n bí wọn sí, bí wọ́n ṣe ń lé gbogbo akọ tó bá ti bàlágà. Wọ́n jọ ń rìn, wọ́n jọ ń jẹ, títí ara wọn fi le, tí wọ́n fi bá akọ arúgbó tó ni ilẹ̀ etí odò jà, tí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tiwọn ni omi, tiwọn ni abo mẹ́rin tó wà níbẹ̀, tiwọn sì ni àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn a rìn yí ààlà wọn ká, wọn a tọ̀ sí ìdí igi, wọn a fi èékánná họ ilẹ̀, wọn a wá dúró bú ramúramù.

Odò tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn ni ààlà náà. Ní òdìkejì rẹ̀, akọ mẹ́ta tí ara wọn ṣì yá gágá ti dé, wọ́n ń wo omi àti àwọn abo. Àwọn náà ń bú. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá bú, ẹnu méjì ló ń dá wọn lóhùn láti ìhín, wọn kò sì tíì láyà láti rékọjá.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́," Àmírát wí. "Bí ẹ bá pa Onígọ̀gọ̀, èkejì rẹ̀ ò lè dá ilẹ̀ yẹn mú. Lọ́jọ́ tí àwọn mẹ́ta bá gbọ́ ohùn kan ṣoṣo, wọ́n á rékọjá. Wọ́n á lé e, wọ́n á sì pa gbogbo ọmọ, torí abo tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ò ní gba akọ tuntun. Orí kan lẹ fẹ́ gbé kọ́ ògiri, agbo kan lẹ máa pa run."

André rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á ṣáà pa ara wọn bópẹ́ bóyá. Ìwọ náà lo sọ ọ́."

"Kí wọ́n pa ara wọn. Ilẹ̀ wọn ni, ìjà wọn sì ni. Kì í ṣe tiyín, kì í sì í ṣe tèmi tí n ó fi tà á."

"Mademoiselle, ẹ̀ṣọ́ tí ebi ń pa pọ̀ níbẹ̀. Mo máa rí ẹlòmíràn."

"Ẹ wá a. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ẹnu géètì, èmi lẹ máa bá níbẹ̀."

Kò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán ló mọ̀ pé òótọ́ ni.

Nùrúdíìnì wa takisí náà títí wọ́n fi dé àdúgbò Akwa. Níbẹ̀ ló ti bú jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí nǹkan? Le patron fún yín níṣẹ́, ẹ ní rárá! Torí ẹranko! Lion go give you chop?"

"Má pariwo mọ́ mi."

"Mo máa pariwo! Mọ́tò yìí, kì í ṣe tèmi. Bí ẹni tó ni ín bá gbà á lọ́la, ta ló máa bọ́ Màmá? L'État, ìjọba tẹ́ ẹ ń sìn, ti gbàgbé yín. Gbèsè wo lẹ jẹ kìnnìún?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ó wo àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan.

"N ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan," ó wí níkẹyìn. "Mo kàn kọ̀ ni."

Alhaja Kàbírátù ń to bọ́kẹ́ẹ̀tì léra wọn nígbà tí wọ́n dé ìsọ̀ rẹ̀. Nùrúdíìnì ló kọ́kọ́ rojọ́, ó rò ó tagbáratagbára. Lẹ́yìn náà ni Àmírát sọ tirẹ̀. Ìyá wọn kò dá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá. Ohun tó bèèrè ni pé:

"Àwọn ìyá ọmọ yẹn ńkọ́? Wọ́n á kàn jókòó máa wo ẹni tó ń pa wọ́n lọ́mọ ni?"

"Rárá o, Màmá. Wọ́n máa ń jà. Ọ̀kan wà níbẹ̀, Onírù-Kúkúrú ni mo ń pè é. Ọjọ́ kan, àwọn akọ tiwọn ti jìnnà, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn yọ́ wọlé. Akọ náà tóbi jù ú lọ dáadáa. Onírù-Kúkúrú kọjú sí i, ó fọ́ ọ létí. Àwọn abo yòókù dìde tẹ̀lé e, wọ́n lé e padà sínú odò."

Alhaja pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín débi pé oníbàárà kan dúró wò ó. "Obìnrin nìyẹn! Àwọn ọmọ ọ̀hún ti tó báwo?"

"Wọn ò tíì lè sáré jìnnà. Ká ní wọ́n lè rí ọdún kan sí i, wọ́n á lè bá ìyá wọn sá."

Ìyá rẹ̀ tún gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan léra. Ó ní, "Nígbà tí bàbá yín kú, àwọn kan wá bá mi níbí, wọ́n ní obìnrin ò lè dá ìsọ̀ yìí mú. N ò bá wọn jiyàn. Mo jókòó sórí àpótí mi." Ó yíjú sí Àmírát. "O ti sọ fún ọkùnrin yẹn pé o máa wà lẹ́nu géètì. Lọ wà níbẹ̀. Ẹnu mi ò ní gbà á pé ọmọ mi sọ̀rọ̀ lásán."

Nùrúdíìnì bínú jáde, ó pa ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ dé gbàgà.

Àmírát wọ rélùwéè lọ sókè, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó dé igbó ọba nígbà tí ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan ní eruku. Sàlísù, tó dàgbà jù nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, tẹ́tí sí i tán, ó sì wolẹ̀.

"Wọ́n ti rán ẹnìkan sí mi," ó wí. "N ò tíì dá a lóhùn. Ọmọ pọ̀ nílé mi, Àmírát."

"Mo mọ̀, Bàbá. Tí wọ́n bá dé, kí ẹ dá wọn lóhùn níṣojú mi."

Wọ́n dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ méjì, André nínú ti iwájú pẹ̀lú òyìnbó kan tó gbé ìbọn sórí itan. Àmírát yí ìtì igi dí ojú ọ̀nà, ó sì jókòó lé e.

"Dìde," André wí.

"Ẹ fi ọkọ̀ gun orí mi kọjá."

"Mo mọ àwọn tó lè yọ ọ́ níṣẹ́ lónìí."

"Kí wọ́n yọ mí. Iṣẹ́ tí kò sanwó, kí ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi?"

André kọjú sí Sàlísù. "Ìwọ ńkọ́, àgbà? Ṣé o gbọ́ iṣẹ́ tí mo rán sí ọ?"

Sàlísù rìn wá, ó jókòó ti Àmírát, ó gbé ìbọn àtijọ́ rẹ̀ lé orúnkún. "Mo gbọ́ ọ," ó wí. "Ìdáhùn mi rèé." Àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù wá dúró lẹ́yìn wọn. Òyìnbó náà, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n, sọ nǹkan kan sí André létí. Wọ́n yí ọkọ̀ padà.

Lóòótọ́, kò pẹ́ tí àṣẹ dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ìjọba pé kí Àmírát padà sí Douala, wọ́n ti fi í sí ọ́fíìsì kan létí èbúté. Ó ránṣẹ́ padà pé ẹni tó bá fẹ́ òun ní Douala kó wá gbé òun. Kò sẹ́ni tó wá.

Òjò rọ̀, koríko ga, àwọn ọmọ kìnnìún jẹ àjẹyó, wọ́n sì dàgbà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, nígbà tí odò tún gbẹ, àwọn mẹ́ta rékọjá.

Àmírát wà nínú ọkọ̀ lórí òkè kékeré kan, ó sì rí i. Àwọn méjì kò dúró dè wọ́n. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú iyanrìn odò lọ pàdé wọn. Wọ́n ti ń dàgbà, Etí-Yíya ń tiro, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Eruku bo ìjà náà. Etí-Yíya ló kọ́kọ́ ṣubú. Onígọ̀gọ̀ dúró lé e lórí, ó ń gbá ẹni tó bá súnmọ́, ó gbá títí ẹ̀jẹ̀ fi bo gọ̀gọ̀ rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ títí èkejì rẹ̀ kò fi mí mọ́. Ìgbà náà ló wọ́ ara rẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta kò lè dìde.

Sàlísù wo Àmírát. "Ṣé a kò ní ṣe nǹkan kan?"

"Ìjà wọn ni, Bàbá," ó wí. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún.

Bí àwọn akọ ti ń jà ni Onírù-Kúkúrú kó gbogbo agbo jọ, ó sì kó wọn lọ. Nígbà tí àwọn tuntun máa fi dé abẹ́ igi tí àwọn ọmọ ti máa ń sùn, òórùn wọn nìkan ni wọ́n bá.

Nígbà Iléyá ni Àmírát tó wá sí Douala. Nùrúdíìnì kò bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń pín ẹran. Ìgbà tó yá ló jókòó tì í.

"Àwọn ọmọ yẹn," ó wí, kò wo ojú rẹ̀. "Ṣé wọ́n yè?"

"Wọ́n yè, àyàfi ọ̀kan. Akọ méjì wà nínú wọn tí gọ̀gọ̀ ti ń hù lọ́rùn wọn. Wọ́n jọ ń rìn."

"Onígọ̀gọ̀ ńkọ́?"

"N ò rí i mọ́. N ò sì rí òkú rẹ̀."

Nùrúdíìnì mi orí. "Ìgbà wo lẹ máa padà?"

"Ọ̀la."

Alhaja ń gé ẹran tirẹ̀. Nùrúdíìnì dìde, ó gbé báàgì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó sì lọ fi í sínú búùtù takisí.