Ọdún Tí Stroebel Yọ Aṣọ́lé Rẹ̀ Kúrò Lójú Pápá

Ní gúúsù ìlú St. Louis, ilé tí wọn kì í bá ti gbá bọ́ọ̀lù, àlejò ló ń gbé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Vernon Stroebel sí. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé ìpọntí, ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, òun àti Gus ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ṣọ́ọ̀ṣì títí ìyá wọn á fi wá fà wọ́n létí wálé. Orúnkún ló lé Vernon kúrò lójú pápá nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ó di olùkọ́ ìtàn, ó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní bọ́ọ̀lù tí ilé ìwé bá ti parí, nígbà tó sì yá, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan lẹ́bàá odò gbà á láti máa kọ́ ẹgbẹ́ ọkùnrin wọn. Èmi tí wọ́n ń pè ní Fahey ni igbákejì rẹ̀. A ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré.

Ẹnu Vernon mú bí abẹ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ń borí. Àfi bí ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe pè wá lọ́jọ́ kan, tó ní àwọn kò ní ẹgbẹ́ ọkùnrin mọ́, ti obìnrin nìkan ló kù, bí Vernon bá fẹ́, kó máa kọ́ wọn. A jọ lọ sílé rẹ̀. Lorraine ìyàwó rẹ̀ ń yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Wọ́n ti lé mi," ni Vernon wí.

"Ṣé wọ́n lé ẹ ni, àbí wọ́n fún ẹ níṣẹ́ míì?"

"Obìnrin ni wọ́n ní kí n máa kọ́."

Lorraine yí ẹran padà lórí iná. "Ṣé bọ́ọ̀lù mọ ẹni tó ń gbá a ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Vernon wò mí bíi pé èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Fahey, jẹ ẹran ẹ kó o máa lọ sílé."

Ó gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń bá àwọn ọmọbìnrin yẹn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń pàdánù, ó ń sọ pé kò burú. Carla Merlo, aṣọ́lé tó ń dúró lẹ́nu góòlù wọn, ọmọ oníbúrẹ́dì kan láti àdúgbò àwọn ará Ítálì, ló dá a dúró lẹ́yìn ìdánrawò.

"Kóòṣì, ṣé ẹyin adìyẹ lẹ pè wá ni? A gbọ́ bí ẹ ṣe máa ń bú àwọn ọkùnrin. Kí làwa ṣe tí a ò lè rí èébú tiwa gbà?"

Vernon wò ó dáadáa. "Ẹsẹ̀ ẹ wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì, o sì máa ń sùn lẹ́nu góòlù."

"Ẹ ṣeun," ni Carla wí, ó sì lọ gbé bọ́ọ̀lù.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. Ní ọdún tí Carla máa jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, a dé àṣekágbá. Oṣù kọkànlá ni, òtútù mú débi pé koríko pápá ń dún lábẹ́ bàtà. Pam Oster gbá góòlù kan wọlé fún wa, gbogbo èèyàn sì ti ń wo ife ẹ̀yẹ bíi pé ó ti wà lọ́wọ́ wa. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, Carla bẹ́ sílẹ̀ láti gba bọ́ọ̀lù, orúnkún ẹnì kan sì bà á lórí. Ó dùbúlẹ̀, ó sì dìde. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní òun kò rí nǹkan kan tó ṣe é. Vernon fúnra rẹ̀ lọ bá a.

"Carla, ta ló gbá góòlù wa wọlé?"

"Jeanette."

Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Jeanette gbá wọlé. Vernon na ọwọ́. "Bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ."

"Kóòṣì, ara mi le. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

"Mo ní kó o bọ́ ọ."

"Mi ò bọ́ ọ."

Ó dì í lápá mú, ó sì mú un jáde. Àwọn èèyàn tiwa ló ń hó lé Vernon lórí. Dottie Kranz, tí kò tíì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan lọ́dún náà, ló bọ́ sẹ́nu góòlù, ìbọ̀wọ́ Carla tóbi lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n tún fi orí kan òmíràn wọlé. A pàdánù.

Nígbà tí a sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Carla dúró níwájú Vernon. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn láyé mi. Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Mi ò ní dárí jì yín."

"Mo gbọ́," ni Vernon wí.

Bàbá Carla náà wá sílé Vernon. Ó ní, "Ọmọ mi ní orí ò fọ́ òun rárá."

"Inú mi dùn láti gbọ́ ọ, Ọ̀gbẹ́ni Merlo."

"Orí tìẹ ni kó o lọ tọ́jú."

Mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé ọkùnrin náà kí n sọ ọ̀rọ̀ Gus fún un. Nígbà tí a wà léwe, bọ́ọ̀lù àti òpó góòlù pàdé lórí Gus, gbogbo wa ní kó má ṣojo, ó sì gbá eré náà parí. Láti ìgbà náà ni iyè rẹ̀ ti ń ṣí lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá wọn ló tọ́jú rẹ̀ títí ìyá náà fi kú, lẹ́yìn rẹ̀ ó di ti Vernon àti Lorraine. Ṣùgbọ́n Vernon dì mí mú.

"Má fi Gus bẹ̀bẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe tiwọn."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kọ́lẹ́ẹ̀jì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó máa lọ, wọ́n sì gba ẹlòmíràn. Kò sí ibòmíràn tó pè é. Ó padà sí pápá ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tí okùn bàtà wọn kì í so. Mo bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo rí obìnrin kan tó fara ti ọgbà pápá. Carla ni. A ti gbọ́ pé òun náà ti di kóòṣì ní ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan.

"Kóòṣì," ó wí.

"Carla. O ti sanra."

"Ẹ̀yin náà ti darúgbó." Kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ kan wà nínú ẹgbẹ́ mi, Tess. Ó forí gbá ti ẹlòmíì. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan, mo fi í sílẹ̀, a sì borí. Báyìí kò lè kàwé, iná lásán ń dun ojú ẹ̀." Ó di ọgbà mú. "Mo rí i lójú ẹ̀ lọ́jọ́ náà, Kóòṣì. Mo rí i. Mo fẹ́ borí ni."

Vernon kò dá a lẹ́bi. Ó mú un lọ sílé. Gus wà nídìí tábìlì, Lorraine ń gé oúnjẹ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Gus bi Carla lórúkọ. Kò pẹ́, ó tún bi í. Carla ń dá a lóhùn bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ ni.

Nígbà tí a jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi nígbà náà?"

"O máa káàánú mi. Mo rò pé ó sàn kó o bínú."

"Mo bínú dáadáa."

"Mo mọ̀."

"Kí ni kí n ṣe báyìí?"

"Lọ sílé ọmọ yẹn. Sọ òótọ́ fún ìyá ẹ̀ bó o ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó máa bú ẹ. Má sá, jẹ́ kó bú ẹ tán."

Carla lọ. Ìyá Tess bú u lóòótọ́, ó tì í síta, ó sì tún ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tó padà lọ. Lẹ́yìn Àjíǹde, Tess padà sílé ìwé, ṣùgbọ́n kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Ọdún náà ni Carla ní kí Vernon wá máa ṣe igbákejì òun. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ tó kọ́ ti di ọ̀gá rẹ̀. Vernon ní owó oṣù kò mọ ọ̀gá. Ó fi àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀ fún mi, ó sì lọ.

Wọn kò gba ife ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ rí. Nígbà kan, wọ́n dé ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, pẹnárítì sì lé wọn kúrò. Mo wà níbẹ̀. Vernon ti kọjá ìlà, ó ń pariwo, Carla sì fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ọ̀gbẹ́ni Stroebel, ẹ jókòó. Rẹfirí ti ń wò yín."

"Rẹfirí ò ríran."

"Ó ríran tó láti lé wa jáde. Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Nígbà tí Gus kú, gbogbo ẹgbẹ́ náà wá síbi ìsìnkú, Tess náà wà láàárín wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni orúnkún Vernon kọ̀ jálẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Carla ṣì ń kọ́ wọn. Bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá ti parí, ó máa ń yà sílé Vernon, wọ́n á jọ jiyàn lórí rẹ̀ títí Lorraine á fi ní kí wọ́n wá jẹun.