Okùn Ọrùn Bámidúró

Ẹ má bá mi wí, mo ti bá ara mi wí tó. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá Níyì, èmi nìkan ni mò ń gbé ilé yìí ní Tayi Village, n kì í sì í bẹ ẹnikẹ́ni kó wá jókòó tì mí. Níyì ọmọ mi ló mú ajá náà wá. Ọwọ́ ọkùnrin kan ní Chanchaga ló ti gbà á, ẹni tó fẹ́ tà á fún àwọn tó ń pa ajá jẹ. Àpá okùn yí ọrùn rẹ̀ ká, irun kò hù níbẹ̀ mọ́. Bámidúró ni Níyì sọ ọ́.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so ó o. Inú okùn ló dàgbà sí. Ẹ fi í sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á wá bá yín."

Níyì padà sí Kàdúná. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, abẹ́ tábìlì ni ajá yẹn wà. Mo bú u títí: "Aláìmoore, ṣé tùwó mi ni kò dùn ni?" Lọ́jọ́ kẹrin, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀fọ́, àfi bí mo ṣe rí orí ajá lórí itan mi. Haba! Omi bọ́ lójú mi. Ó ti tó ọdún méjì tí nǹkan ẹlẹ́mìí ti fara tì mí bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí pé yóò lọ. Nígbà tí mo fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo rántí pé gbogbo adìẹ tí mo bá rà ní Maikunkele, ṣe ni mo máa ń so wọ́n mọ́lẹ̀ títí wọ́n á fi mọlé, ọ̀kan kò sì sọnù rí. Mo wá okùn. Bí mo ṣe ń so ó, ó ń gbọ̀n, ó kàn ń wò mí. Mo ní, "Fara balẹ̀, mò ń bọ̀."

Nígbà tí mo dé, ó ti fi eyín já okùn, ó gbé ìyókù lọ́rùn sá lọ. Mo ní bóyá ó ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Chanchaga tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Ọkùnrin náà dìde. "Sannu, Mama." Ó ní ajá dé láàárọ̀, òun rò pé mo ti lé e ni, àwọn oníbàárà sì ti mú un lọ.

"Ṣé wọn ò tíì pa á?"

Ó wolẹ̀. Okùn mi wà níbẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé e, ìso tí mo so kò tíì tú.

Nírọ̀lẹ́, Níyì pè. "Mọ́mì, Bámidúró ńkọ́? Ṣé ó ti ń sún mọ́ yín?"

Mo ní ó sún mọ́ mi. Mo fẹ́ purọ́ pé géètì ló ṣí sílẹ̀, ẹnu mi kọ̀ ọ́.

"Níyì, mo so ó."