Ohùn Ṣínà Lẹ́bàá Gáàsì

Ọjọ́ tí Ṣínà ọkọ mi gbé awò ńlá kan tó ń bo gbogbo ojú dé láti Computer Village, mo bá a jà. Mo bi í pé ṣé abẹ́ omi ló fẹ́ kó lọ máa gbé ni. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Ká má parọ́, awò náà wúlò. Bí mo bá gbé e wọ̀, mo ṣì ń rí ilé mi, ṣùgbọ́n mo tún ń rí ohun tí Ṣínà bá fi síbẹ̀. Aago á máa ṣiṣẹ́ lójú òfuurufú lókè ìkòkò ìrẹsì. Nítorí pé onígbàgbé ni mí, ó fi ohùn ara rẹ̀ sẹ́bàá gáàsì: "Oyèbọ́lá, pa gáàsì o. Ọkàn rẹ ti tún wà ní Aláúsá." Aláúsá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba.

Àìsàn ráńpẹ́ ló mú Ṣínà lọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá gbé awò wọ̀, màá lọ dúró ti gáàsì kó lè bá mi wí. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń gbé mi ró nìyẹn.

Màmá Ṣínà wá láti Èkìtì wá bá mi gbé. Aládùúrà ni wọ́n. Wọ́n gbà pé bí ikú bá ti wọ ilé, ká yí ojú ilé náà padà, kó má bàa mọ̀nà mọ́. Wọn ò sọ fún mi. Nígbà tí mo ti iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, àwọn ará ìjọ ti bá wọn kun ògiri ní funfun, wọ́n ti gbé gáàsì kúrò lẹ́bàá fèrèsé, kò sí ẹrù tó wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dà ṣì wà léèékánná Màmá.

"Ọmọ mi, ikú ò ní mọ ibí mọ́," ni wọ́n wí. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, torí ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Mo gbé awò wọ̀. Ó kọ ọ́ sí mi lójú pé òun ò mọ yàrá yìí. Mo pe Shuaib tó tà á fún wa. Ó ní ara ògiri àti ẹrù ilé ni ohùn náà so mọ́; bí a ti yí wọn padà, ó ti pa rẹ́ nìyẹn. Ọkàn mi bàjẹ́ kọjá àfẹnusọ.

Màmá wá bá mi ní ilé ìdáná níbi tí mo ti ń se ọbẹ̀. Wọn kì í fọwọ́ kan awò náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ohùn òkú ò yẹ kó máa gbé inú ike.

"Bọ́lá, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Gbé e wọ̀ mí. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan péré."

Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún wọn pé ohùn náà ti pa rẹ́. Mo gbé e wọ̀ wọ́n. Wọ́n dúró ti gáàsì, wọ́n tẹ́tí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo lọ sẹ́yìn wọn kí wọ́n má bàa rí omijé mi.

"Ṣé kò tíì fẹ́ sọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀, Màmá."

Ọbẹ̀ ti ń jóná. Mo na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọn, mo pa gáàsì, láìsí ẹni tó rán mi létí.