Àgídí Tú Ẹ́ńjìnnì Ìyá Rẹ̀

Òbí a máa sọ ọmọ lórúkọ, ìwà ọmọ náà a sì máa sọ ọ́ ní tirẹ̀. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń pè é ní Àgídí, láti ọjọ́ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan rédíò, tó tú u palẹ̀, tó tún un tò, tí nọ́ọ̀tì méjì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, tí rédíò náà sì ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀. Nígbà tó pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, tó ti di obìnrin tí ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté, orúkọ náà kò tíì bọ́ lára rẹ̀.

Mọ́tò tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ti ìyá náà ni. Agbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ni mọ́tò yìí fi gbé e lọ sílé àwọn aboyún, lójò, lẹ́ẹ̀rùn. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́, wọ́n tì í sí gáréèjì ẹ̀yìnkùlé, ó ń dógùn-ún níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àgídí ọkùnrin, olùkọ́ ìṣirò ni, ló wá gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ fún mẹkáníìkì kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà. Dókítà ní òun ti pààrọ̀ gbogbo ohun tó gbó nínú rẹ̀. Ó kùn ún lọ́dà pupa, ó dá a padà sínú mọ́tò, ó ń dán bí ojú ọmọge.

Ara Ẹ̀gbọ́n kò gbà á mọ́ fún ayọ̀. Ìdíje àwọn mọ́tò àtijọ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á sáré gun òkè, ìyá wọn á sì jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ra kabúrétọ̀ ńlá méjì tí ẹ́ńjìnnì á fi máa mu bẹntiróòlù bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ, kó lè sáré sí i. Ó tò wọ́n sórí tábìlì gáréèjì, ó ní kí àbúrò òun wá bá òun dè wọ́n.

Àgídí wo kabúrétọ̀, ó wo ẹ́ńjìnnì. "Ẹ̀gbọ́n, n kò ní so nǹkan kan mọ́ ọn títí n ó fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n bi í bóyá ó fẹ́ pe àgbàlagbà ní òpùrọ́ ni. Àgídí ní òun kò pe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹ́ńjìnnì lòun fẹ́ bi léèrè. Ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dà pupa.

Ó yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó de gáàjì tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ mọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa ṣáná sí i. Àádọ́sàn-án ni ihò kìíní gbé wá. Àwọn mẹ́ta yòókù kò jìnnà sí i. Písítìnì ń ti afẹ́fẹ́ dáadáa, fáàfù sì ń pa dé. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí kabúrétọ̀.

Àgídí ní apá òkè nìyẹn, òun kò tíì wo ìsàlẹ̀. Ó dá àwọn pílọ́ọ̀gì padà, ó de gáàjì mìíràn, èyí tó ń wọn agbára tí epo ẹ́ńjìnnì, tí kì í jẹ́ kí irin jẹ irin, fi ń yí ká inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, abẹ́rẹ́ rẹ̀ gòkè dé ọgọ́ta. Wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí ó fi gbóná. Abẹ́rẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó sọ̀, ó sọ̀, ó dúró sórí mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó lọ sísàlẹ̀ ogún. Ẹ̀rín Ẹ̀gbọ́n tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Dókítà tí Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè dé. Ó ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kọ́ nìyí. Ó ní kí wọ́n da epo tó nípọn sí i, gáàjì á gòkè.

"Epo tó nípọn lè tan gáàjì jẹ, sà," Àgídí dá a lóhùn, "kò lè tan irin jẹ."

Ojú ọkùnrin náà le. Ó ní bí wọ́n bá fi lè tú iṣẹ́ òun, kí wọ́n má tún mú un wá sọ́dọ̀ òun mọ́. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní òun ni àgbà láàárín àwọn méjèèjì, òun sì ti ní kó fi í sílẹ̀.

Àgídí mú sípánà. "Mo bọ̀wọ̀ fún yín, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n Màmá lẹ fẹ́ gbé jókòó sínú rẹ̀ gun òkè. Ẹ bínú sí mi títí ọdún á fi yípo, màá tú u."

Ìyá wọn, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àga lẹ́nu ọ̀nà, wá béèrè ẹni tó ni mọ́tò. "Tú u," ó wí.

Àgídí fa epo dànù, ó sọ ọpọ́n ìsàlẹ̀ kalẹ̀. Eérún irin ń dán nínú rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Ó yọ bíárìn kan, àwo irin tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ń yí nínú rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Dókítà ti sọ fún wọn pé òun fá ọ̀pá ẹ́ńjìnnì náà kó lè dán. Ọ̀pá tí wọ́n bá fá ti tín-ín-rín sí i, bíárìn tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi há a, irú rẹ̀ a sì ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Èyí kò ní nọ́ńbà kankan. Bàtà ńlá ni wọ́n wọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín. Epo ń sá gba àlàfo náà, irin ń jẹ irin, ẹ́ńjìnnì ì bá sì gan pa lójijì lórí òkè.

Ó nà án sí Dókítà. Ọkùnrin náà yí i lọ, yí i bọ̀, ó ní bóyá ẹni tó tà á fún òun ló ṣì í dì. Ó gbé e sílẹ̀, ó jáde láìdágbére. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àdúgbò ti ń gbọ́ pé Àgídí ló ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ẹ̀gbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹrin ló wọ gáréèjì, ìwé àti gègé lọ́wọ́, ó ní kó máa wọn ọ̀pá náà, kí òun máa kọ ọ́. Ibi kẹta ni wọ́n wọ̀n dé kí Ẹ̀gbọ́n tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Ǹ bá ti pa Màmá."

"Ẹ kò pa á," Àgídí wí. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n tó gbàgbé."

Ìdíje kọjá lọ láìsí wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ Ẹ̀gbọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin ló ń pàṣẹ fún un. Ó ní obìnrin méjì ni wọ́n, kì í ṣe ẹyọ kan.

Nígbà tí bíárìn tó bá a mu dé, tí wọ́n tò ó, tí ẹ́ńjìnnì tún gbóná, abẹ́rẹ́ dúró sí ogójì, kò kúrò níbẹ̀. Ìgbà náà ni Àgídí sọ pé ó tó àkókò láti yan ohun tí wọ́n á fi kún un. Ẹ̀gbọ́n wo kabúrétọ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ìyá wọn ní bíréèkì ni wọ́n á kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí láyé òun, kò sí ìgbà tí mọ́tò náà kọ̀ láti sáré, dídúró ló máa ń rò fún wákàtí kan. Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Bíréèkì ni wọ́n rà.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló wà á. Ó gba iwájú ilé iṣẹ́ Dókítà, ibi táwọn èèyàn pọ̀ sí jù. Ó ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀, ó rọra ń lọ, kí ẹni tó bá létí lè gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà.