Ọtí Tí Kòkòrò Mu

Ohun tí Sàláúdéènì ṣe fún àbúrò rẹ̀ Fàsásì, ojú ọ̀sán gangan ló ti ṣe é, lọ́jọ́ Jímọ̀, bí àwọn èèyàn ṣe ń ti mọ́sáláásí bọ̀. Òkè lásán ni òkè Mápó nígbà náà, kò sí gbọ̀ngàn kankan lórí rẹ̀. Sàláúdéènì wọ yàrá tí àwọn méjèèjì jọ ń sùn ní agboolé wọn ní Bẹ̀yẹrúnkà, ó kó ìgò ọtí jáde lábẹ́ ibùsùn Fàsásì, ó tò wọ́n síwájú baba wọn lójú àlejò, ó sì gbé ọwọ́ lé Kùránì pé òun fi ojú òun rí Fàsásì tó ń mu nínú rẹ̀.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí ọmọ ìyá ẹni bá jẹ́rìí síni, ta ni yóò tún dúró bi ará ìta?

Ọtí ni lóòótọ́. Mímu yẹn ni irọ́.

Fàsásì ti kàwé tán nílé-ẹ̀kọ́ àwọn onígbàgbọ́, ó sì wá ń kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa kòkòrò lọ́dọ̀ òyìnbó kan ní oko kan lẹ́yìn ìlú. Kòkòrò kan ló ń lu igi kòkó nínú, tí igi á sì máa gbẹ láti orí wá sílẹ̀. Òyìnbó náà fẹ́ mọ bí ayé kòkòrò ọ̀hún ṣe rí, láti inú ẹyin títí yóò fi hu ìyẹ́. Ó ti ṣèlérí pé bí Fàsásì bá lè kó gbogbo rẹ̀ jọ láìku ọ̀kan, òun yóò mú un dání lọ sí ìlú òyìnbó, kó lọ parí ẹ̀kọ́ náà nílé-ẹ̀kọ́ gíga.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí ṣàlàyé fún ará ilé. Láàárọ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbé ẹrù lọ sí Ọjà'ba, òun á gbé àpò àti ọ̀bẹ, á gba Bẹẹrẹ kọjá lọ sóko. Ìrọ̀lẹ́ á bá a ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń la ẹ̀ka kòkó gbígbẹ sí wẹ́wẹ́, tí yóò dojú bo igi bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù.

"Fàsásì, ṣé o rí i?" àwọn ìyàwó ilé á bi í.

"Mo rí méjì."

"Ṣé ká sè é ni, àbí ká dín in?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Kúbúrá, àbúrò baba rẹ̀ obìnrin, nìkan ló máa ń gbè é. "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀ o. Aya aláya làwọn ọkọ yín ń kó kiri, kòkòrò lòun ń kó."

Baba rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín sí i. Bí àlejò bá dé, á ní kí Fàsásì gbé awò rẹ̀ jáde, èyí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, kí àlejò fi wo ẹsẹ̀ eṣinṣin. "Ẹ wo ọmọ mi," á wí. "Ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́ fún wa, òun ń rí i." Sàláúdéènì, àkọ́bí, tó ń rán fìlà, á wà ní igun kan níbẹ̀, á máa fa òwú sójú abẹ́rẹ́.

Kòkòrò tó bá kú, bí èèrà kò bá jẹ ẹ́, yóò gbẹ dànù. Inú ọtí líle ni wọ́n ń rì í sí kó má bàa bàjẹ́. Fàsásì ì bá kó àwọn ìgò náà sóko, ṣùgbọ́n wọn a máa ti ilé iṣẹ́ ibẹ̀ pa bí ilẹ̀ bá ṣú, kòkòrò kì í sì í dúró de òyìnbó kó tó bọ́ awọ. Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà. Nínú agboolé ìmàle, kò fi ọ̀rọ̀ ọtí náà han ẹnikẹ́ni àyàfi Sàláúdéènì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí Bàbá mọ̀."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ìwọ ṣáà má jẹ́ kí òórùn rẹ̀ pa mí."

Ó lé ní ọdún kan tí Sàláúdéènì fi sùn ti àwọn ìgò wọ̀nyẹn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àfi lọ́jọ́ Jímọ̀ náà.

Baba wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ìgò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹyin, ìdin, èyí tó hu ìyẹ́, gbogbo rẹ̀. Kí Fàsásì tó bẹ̀rẹ̀ láti ṣà wọ́n, adìẹ ti ń jẹ wọ́n lọ. Wọ́n lé e kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Òyìnbó ní àkókò ti lọ, ó sì mú ẹlòmíràn dání. Nígbà tí baba wọn kú, kò tíì jẹ́ kí Fàsásì fojú kan òun. Bó sì ṣe wá síbi ìsìnkú, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń wí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ọ̀mùtí ti dé."

Láti ọjọ́ náà kò tẹ agboolé wọn mọ́. Ó ń gbé ní Yemẹtù pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Àṣàkẹ́, ó ń bá àwọn oníṣòwò yẹ kòkó wò ní Ògùnpa. Bí Sàláúdéènì bá fi ẹran iléyá ránṣẹ́, Fàsásì á dá a padà tòun ti ewé tí wọ́n fi bò ó. Bí wọ́n bá pàdé lọ́jà, á dọ̀bálẹ̀ fún un, nítorí ẹ̀gbọ́n ni, á sì dìde láìsọ ohunkóhun.

Ọdún gorí ọdún. Wọ́n ti ń kọ́ gbọ̀ngàn sórí òkè Mápó nígbà tí Sàláúdéènì pinnu láti lọ sí Mẹ́kà. Ẹsẹ̀ àti ràkúnmí ni wọ́n fi ń rin ọ̀nà náà nígbà yẹn, a kì í mọ̀ bóyá ẹni tó lọ yóò bọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ a máa wọ ilé kiri, a máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí kò ṣẹ̀. Sàláúdéènì mú Alfa àdúgbò àti Kúbúrá dání, ó wá sí Yemẹtù.

"Fàsásì, mò ń lọ. Èyí tí mo mọ̀ àti èyí tí n kò mọ̀, foríjì mí nítorí Ọlọ́run."

"Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ mọ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

"Gbogbo rẹ̀ kì í ṣe orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kankan."

Alfa wúkọ́. "Bí gbogbo ayé ṣe ń tọrọ rẹ̀ nìyí. A kì í ka ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹni ka iṣu."

"Alfa, ẹni tó wa iṣu mi lóko, tó wá ní kí n dárí ohun ọ̀gbìn ji òun, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀."

Sàláúdéènì dìde. "Láti ìgbà yẹn, o ṣì gbé e dání?"

"Kò wúwo."

Nígbà tí wọ́n lọ, Àṣàkẹ́ jókòó tì í. "Bàbá Mojọlá, bó bá kú sọ́nà ńkọ́?"

"Bàbá mi kú nílé," ni Fàsásì wí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ó gbéra, ó wọ agbádá, ó lọ sí Bẹ̀yẹrúnkà. Agboolé kún fọ́fọ́. Kúbúrá rí i, inú rẹ̀ dùn. "Ọmọ mi ti dé. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

Fàsásì dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ni mo bá wá. Ọwọ́ tí ẹ gbé lé Kùránì lọ́jọ́ yẹn, ṣé òun náà lẹ fẹ́ nà sí ilé Ọlọ́run?"

Alfa, tí kò tíì dé àdúgbò nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, yíjú padà. "Ìbúra wà níbẹ̀? Sàláúdéènì, bó bá jẹ́ òótọ́ lo búra, máa lọ. Bí kì í bá ṣe òótọ́, ẹsẹ̀ lásán lo fẹ́ lọ rìn."

Sàláúdéènì ṣí fìlà lórí.

"Ọtí kòkòrò ni. Ó ti sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sìn kọ́ ló mú mi kó o jáde."

"Kí ló wá mú ọ?" Kúbúrá bi í.

"Èmi ni àkọ́bí. Àlejò kan kò wọ ilé yìí kí Bàbá ní kí wọ́n wá wo tèmi."

Fàsásì dúró síbi tó wà. "Mímu ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

Sàláúdéènì sọ nǹkan kan sínú àyà ara rẹ̀.

"Ẹ gbé ohùn sókè. Ẹnu ọ̀nà lọ́hùn-ún làwọn tó ń pè mí ní ọ̀mùtí jókòó sí."

Sàláúdéènì gbójú sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Fàsásì kò mu ọtí," ó wí, gbogbo ilé sì gbọ́. "N kò rí i kó mu ún rí. Irọ́ ni mo fi Kùránì pa fún Bàbá."