Ọbẹ̀ Tí Bàbá Bù Nínú Búlọ́ọ̀gù Mi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì lọ síbi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá fún yín. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé, “Kí lo ṣe lónìí?” mọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ ara mi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sínú búlọ́ọ̀gù, nìyẹn, kì í ṣe torí òkìkí.

Lójú àlá, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, ó di ìkòkò ọbẹ̀, bàbá sì jókòó tì í, wọ́n ń fi ṣíbí bu ọ̀rọ̀ mi jẹ. Àwọn lẹ́tà ń rìn lórí ṣíbí bí ìdin. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Wọ́n ní, “Èyí ò níyọ̀. Irọ́ lo fi sè é.”

Wọ́n wá bu èyí tí mo kọ tí mo sì pa rẹ́, níbi tí mo ti sọ pé ayé sú mi. “Gbà, jẹ ẹ́.”

Mo mọ̀ pé jíjẹun lójú àlá ò dáa. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti yó.”

“Yó? Ìwọ tí o ò jẹun látàná!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́tà kún eyín wọn. Mo la ẹnu. Ẹ̀yin lẹ pe orúkọ mi, mo bá jí.